Bí mo ṣe ń to òdòdó àkọ́rọ̀ òjò sínú ilé

Ní Adó-Èkìtì níbí, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta, òdòdó ixora ẹ̀yìnkùlé mi á bẹ̀rẹ̀ sí í tanná pupa. Tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, zinnia tí mo fún irúgbìn rẹ̀ náà á ti tanná. Kí ni mo tún fẹ́ fi òdòdó rọ́bà ṣe lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa? Àwọn tó ń sọ pé òdòdó gidi kì í pẹ́, ọ̀sán gangan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gé e.

Ìdájí ni kí ẹ gé e, nígbà tí omi tó fà lóru ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dání lọ sínú ọgbà, kí èyí tí ẹ bá gé máa wọ inú omi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ lò, kí ojú ibi tí ẹ gé sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó má baà jókòó pẹrẹsẹ sí ìdí ìkòkò, kó dí ara rẹ̀ pa.

Zinnia ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ di igi rẹ̀ mú, ní bíi sẹ̀ǹtímítà ogún sí ìsàlẹ̀ òdòdó, kí ẹ mì í. Tí orí rẹ̀ bá ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò tíì gbó. Tí ẹ bá gé e, á tẹrí ba kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá dúró gbọn-in, ó yá.

Ẹ fi hibiscus sílẹ̀ lórí igi o. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ì báà wà nínú omi. Frangipani ń sun oje funfun bíi wàrà, nítorí náà òdòdó rẹ̀ nìkan ni mo ń já, mo sì ń jẹ́ kó léfòó nínú abọ́ omi. Oje yẹn lè mú ara yún. Ẹ fọ ọwọ́ yín.

Ẹ já gbogbo ewé tí yóò wà lábẹ́ omi, torí wọ́n á jẹrà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí ibi tó tutù fún wákàtí méjì mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kan títò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú níbí.

Ìkòkò amọ̀ Ìsàn-Èkìtì ni mo fẹ́ràn jù. Àmọ́ omi máa ń yọ lára amọ̀, á sì ba tábìlì jẹ́, nítorí náà mo máa ń ti ike bọ inú rẹ̀, kí omi wà nínú ìyẹn. Ewé ló ń ṣáájú: ẹ̀ka pèrègún mẹ́ta, kí ìdí wọn kọjá ara wọn nínú omi, torí òun ni yóò di òdòdó mú. Kí èyí tó ga jù yọ lókè ẹnu ìkòkò níwọ̀n gíga ìkòkò náà, kó lé díẹ̀. Ixora wúwo lórí, ìsàlẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ wá fi zinnia márùn-ún sáàárín, kí wọ́n má ga bákan náà, kí wọ́n má kọjú síbì kan náà.

Ẹ máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, kí ẹ tún gé ìdí wọn díẹ̀. Ṣíbí ṣúgà kékeré kan àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ dára nínú omi lítà kan. Tí kò bá sí ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má fi ṣúgà sí i, torí ṣúgà nìkan á mú kí omi tètè bàjẹ́. Ẹ má gbé e sábẹ́ fáànù, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n: afẹ́fẹ́ ethylene tí wọ́n ń tú jáde ń jẹ́ kí òdòdó yára rọ.

Tí òdòdó bá ti rọ tán, ẹ má sọ pèrègún nù. Ẹ fi í sínú omi títí yóò fi yọ gbòǹgbò, kí ẹ wá gbìn ín sí etí ọgbà.