Kírímù Sàláàdì Àfọwọ́ṣe: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Òde Àríyá

Ọdún 1914, ọdún tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, ni iléeṣẹ́ Heinz gbé kírímù sàláàdì inú ìgò jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó mú un dé ọ̀dọ̀ wa, a sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, débi pé ẹlòmíràn kò ní gé kábéèjì bí kò bá tíì ra ìgò náà. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò ọ̀hún, ẹ ó rí òróró, omi, fínígà, ṣúgà, ẹyin, iyọ̀, mọ́sítáádì àti ohun tí wọ́n fi ń mú un ki. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà nílé ìdáná yín tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ kì í dúró la dìídì kọ ìwé yìí fún. Kírímù tí a fọwọ́ ara wa ṣe kò ní oògùn ìpamọ́ nínú, nítorí náà ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán lónìí ni kí ẹ ṣe. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kò sí ìdí láti ṣe é jọ.

Òróró àti ohun kíkan

Òróró ẹ̀pà àti òróró sóyà ló wọ́pọ̀ lọ́jà wa, méjèèjì ló sì dára fún iṣẹ́ yìí. Òróró ólífì dùn, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì pọn dandan. Àwọn kan ń bẹ̀rù òróró tí a kò gbé kaná; èyí tí iléeṣẹ́ ti fọ̀ mọ́, tó wà nínú ìgò tí a lẹ̀ pa, kò ní wàhálà. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni òórùn rẹ̀, torí pé ohun tí iná ì bá bò mọ́lẹ̀ yóò hàn lẹ́nu níbí. Ẹ ta díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ra ọwọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ jù nínú àpò, ẹ fi í sílẹ̀. Òróró tí ẹ ti fi dín àkàrà tàbí dòdò kò wúlò fún èyí, bó ti wù kí ẹ sẹ́ ẹ tó.

Epo pupa kò bá a mu: adùn rẹ̀ a bo ti ewé mọ́lẹ̀, ó sì máa ń dì bí ojú ọjọ́ bá tutù. Àwọn Ìgbò rí ọgbọ́n dá sí i nínú àbàchà wọn o, sàláàdì tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Omi káún ni wọ́n ń dà sínú epo, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki, tí yóò sì di pupa rúsúrúsú. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, kírímù sàláàdì nìyẹn náà, kò sì nílò ìgò òyìnbó kankan.

Ní ti kíkan, fínígà funfun ló rọrùn jù. Ẹ wo ara ìgò rẹ̀: ìwọ̀n kíkan inú èyí tí a ń jẹ sábà máa ń jẹ́ 5%. Èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń tà fún fífọ ilé, kì í ṣe ti ẹnu. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà dára. Lójú tèmi, òórùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn ju ti fínígà lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i mọ́ orí tábìlì kí ẹ tó gé e, omi rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Ẹ fi ajọ̀ sẹ́ kóró rẹ̀ kúrò.

Ẹ má po nǹkan kíkan nínú abọ́ alumíníọ̀mù. Kíkan a máa jẹ irú abọ́ bẹ́ẹ̀, adùn irin a sì wọ inú oúnjẹ. Abọ́ gíláàsì, tánńganran tàbí ike tó nípọn ni kí ẹ lò.

Èyí tí a ń mì nínú ìgò

Ìwọ̀n rẹ̀ ni òróró mẹ́ta sí kíkan kan. Fún ìdílé ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan, iyọ̀ ìdámẹ́rin ṣíbí tíì, ṣúgà díẹ̀, ata gígún bí ẹnu yín bá ṣe gbà á, àti mọ́sítáádì ìdajì ṣíbí tíì bí ẹ bá ní in. Ẹni tó bá fẹ́ kíkan lè mú òróró wá sí méjì sí ọ̀kan.

Ìgò jáàmù tó ní ọmọrí ló dára jù. Ẹ kọ́kọ́ kó fínígà, iyọ̀, ṣúgà àti mọ́sítáádì sínú rẹ̀, ẹ mì í títí ẹ kò fi ní gbọ́ ìró hóró mọ́ ní ìdí ìgò. Ẹ má fo ibí yìí. Iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró. Bí òróró bá ṣáájú rẹ̀ wọlé, ìsàlẹ̀ ni iyọ̀ yóò jókòó sí, ẹni tó bá bu ti ìkẹyìn ni yóò sì jẹ gbogbo rẹ̀. Bí iyọ̀ bá ti yọ́ tán, ẹ da òróró sí i, ẹ dé e pa, kí ẹ wá mì í jìgìjìgì títí ẹ ó fi ka oókan dé ọgbọ̀n.

Ohun tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ yóò di bàìbàì, yóò sì ki díẹ̀: òróró ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ káàkiri inú fínígà nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí òróró yóò tún gòkè. Kò bàjẹ́ o, ẹ tún un mì. Mọ́sítáádì ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè pínyà. Bí kò bá sí, oyin ṣíbí tíì kan lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní ohunkóhun tó ní oyin nínú.

Ẹ lè fi àlùbọ́sà tí a gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ata ilẹ̀ tí a rin, tàbí ewé efinrin méjì mẹ́ta sí i. Efinrin pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ lórí kùkúḿbà àti tòmátì, ẹ dán an wò. Bí ó bá jẹ́ àlùbọ́sà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wà nínú fínígà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òróró tó dé, gbígbóná rẹ̀ yóò rọlẹ̀.

Kírímù ẹlẹ́yin

Ẹyin tútù ni wọ́n fi ń ṣe máyónéèsì gidi, fídíò rẹ̀ sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kò ní kọ́ ọ níbí. Ẹyin tútù lè ní kòkòrò Salmonella nínú, èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti ibà. Ọwọ́ rẹ̀ sì le jù lára ọmọdé, aboyún àti àgbàlagbà. Ẹyin sísè ń ṣe iṣẹ́ náà láìsí ìbẹ̀rù.

Ẹ se ẹyin méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá lẹ́yìn tí omi bá ti hó, kí ẹ sì sọ wọ́n sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù lórí iná, pupa ẹyin yóò ní àwọ̀ ewéko yí ara rẹ̀ ká. Kò léwu, àmọ́ kírímù yín kò ní mọ́ lójú. Ẹ yọ pupa rẹ̀ sínú abọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí kókó kankan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú. Kókó tí ẹ bá fi sílẹ̀ báyìí kò ní fọ́ mọ́ nígbà tí òróró bá ti bò ó, nítorí náà ẹni tí kò bá ní sùúrù kó fi ajọ̀ kúnná sẹ́ ẹ.

Ẹ po ìdámẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tíì kan ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì mọ́sítáádì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kán òróró ṣíbí ìjẹun méjì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń kán an. Ẹ da mílíìkì olómi inú agolo ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí i, èyí tí kò ní ṣúgà, ẹ rò ó pọ̀. Fínígà ṣíbí ìjẹun kan ló kẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé bí fínígà ti ń wọlé ni mílíìkì ń ki lójú yín, torí pé kíkan ló ń mú un dì. Bí ó bá ki jù, omi tí a ti sè tó ti tutù, ṣíbí kan, yóò tú u. Ẹ gé funfun ẹyin sórí sàláàdì.

Ti ẹlẹ́pà

Àwọn Hausa ti mọ èyí tipẹ́: kúlíkúlí lílọ̀ ni wọ́n ń fi sí kwaɗo, sàláàdì tí wọ́n máa ń fi ewé mòríńgà ṣe. Ẹ lè lo kúlíkúlí, ẹ sì lè lo ẹ̀pà sísun tí a lọ̀ kúnná. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta rẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun kan, iyọ̀, ata gígún. Bí omi ọsàn bá ti kan ẹ̀pà náà, ṣe ni yóò le gbagidi, tí ṣíbí kò ní fẹ́ yí mọ́. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì kún un ní òróró. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ máa fi sí i, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, yóò tú, yóò sì máa dán.

Ẹ ṣa ẹ̀pà yín dáadáa kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Èyí tó ti bu, tó sunkì tàbí tó yí àwọ̀ padà lè ní oró aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísun kì í sì í mú un kúrò tán. Bí ẹ bá ní àlejò, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀. Ara ẹlòmíràn kì í gbà á rárá.

Ewé náà ńkọ́?

Kírímù tó dáa kò lè gba sàláàdì tó dọ̀tí sílẹ̀. Wọ́n lè ti fi omi odò tí kò mọ́ bomi rin létíùsì àti kábéèjì ní oko, ibẹ̀ sì ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àrùn onígbáméjì ti lè bá ewé wọlé. Ẹ bó ewé òde kábéèjì dànù, ẹ ṣí létíùsì ní ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi tó mọ́ tó ń ṣàn fọ̀ ọ́. Omi iyọ̀ tàbí fínígà tí ẹ bá rẹ ẹ́ sí ń ṣèrànwọ́, kò rọ́pò fífọ̀. Omi mímu ni kí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó gbẹ, nítorí òróró kì í lẹ̀ mọ́ ewé tó ṣì tutù.

Òróró inú kírímù yìí kì í ṣe fún adùn nìkan. Èròjà inú kárọ́ọ̀tì àti ewé tí ara ń sọ di fítámì A, tó ń ran ojú lọ́wọ́, kì í wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá pẹ̀lú rẹ̀.

Ìpamọ́

Òróró àti fínígà lásán, láìsí àlùbọ́sà, ààyù tàbí ewé tútù, lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìjì. Òróró ólífì máa ń dì níbẹ̀. Ẹ gbé e síta díẹ̀, yóò yọ́. Ti ẹlẹ́yin ẹlẹ́wàrà kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta, kí ó má ju wákàtí kan lọ bí oòrùn bá mú gidi. Bí iná bá lọ, tí ẹ kò ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, ó lè fara dà á fún bíi wákàtí mẹ́rin. Ju ìyẹn lọ, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má rẹ ààyù tútù sínú òróró kí ẹ gbé e sórí àpótí ìdáná fún ọjọ́ púpọ̀. Kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀, Clostridium botulinum, tó ń dàgbà níbi tí atẹ́gùn kò dé tí kíkan kò sì sí, inú ilẹ̀ ni ààyù sì ti wá. Oró rẹ̀ lè má rùn, ó lè má yí adùn padà, bẹ́ẹ̀ ló ń dá iṣan ara dúró, ó sì lè pa ènìyàn. Ààyù tí ẹ bá fẹ́ lò, ọjọ́ tí ẹ ó jẹ ẹ́ ni kí ẹ gún un.

Bí ó bá jẹ́ òde àríyá

Ìyọnu sàláàdì àríyá ni pé wọ́n ń pò ó mọ́ kírímù láàárọ̀, wọ́n á gbé e sínú kúlà, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó bù ú. Iyọ̀ a ti fa omi jáde lára kábéèjì, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ewé wà lọ́tọ̀, kí kírímù wà nínú ìgò láàárín yìnyín, kí ẹni tó ń bu oúnjẹ máa pò ó ní abọ́ kọ̀ọ̀kan bí àwọn àlejò ṣe ń jókòó. Ẹ ṣírò ṣíbí ìjẹun kan fún ẹnì kan. Fún àádọ́ta ènìyàn, mílílítà 750 nìyẹn, ìwọ̀n ìgò wáìnì kan. Òróró bíi mílílítà 560 àti fínígà 190 ni yóò kún un.