Àyà Jíjá Tí Kò Tán: Ohun Tó Ń Fà Á àti Oògùn Tó Bá A Mu

Ẹni tó ń roko bọ́ ilé kò lè ṣe kó má ṣàníyàn, nítorí òjò lè pẹ́ kó tó rọ̀, owó kòkó sì lè já wálẹ̀ lójijì. Àníyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí òjò ti rọ̀, tí gbèsè ti tán, tí àyà sì ṣì ń já ènìyàn lójoojúmọ́, tí kò rí oorun sùn, tí ó ń sọ pé nǹkan ń rìn lórí òun, ó yẹ kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tó fa àyà jíjá náà ló ń sọ oògùn tí a ó lò. Ẹ má ṣe yá oògùn aládùúgbò lò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń sá kòkó ṣe àpẹẹrẹ. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì lóru, ó ń làágùn nígbà tí òtútù ń mú àwọn yòókù, ó ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ ó ń rù. Nọ́ọ̀sì ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ abala ìwé kan lé ìka rẹ̀, ìwé náà sì ń gbọ̀n bí ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́. Nígbà tó wo ọrùn rẹ̀, ó rí gẹ̀gẹ̀ kékeré kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé thyroid, ẹ̀yà ara tó wà ní ọrùn, ló ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Oògùn bíi carbimazole ló bá àìsàn rẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ diazepam, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ tó sì ń múni sùn, ni wọ́n kàn fún un, yóò sùn, ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ náà kò ní sùn.

Obì àti kọfí náà ń mú ọkàn sáré. (A mọ̀ pé kò rọrùn fún ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru láti jáwọ́ nínú obì, kó kọ́kọ́ dín in kù ná.) Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọtí sílẹ̀ lójijì lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un. Àgbẹ̀ tó fín oògùn kòkòrò tán, tó ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, májèlé oògùn kòkòrò náà ló mú un, kì í ṣe ìpayà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, a lè wá sọ pé àìsàn àníyàn gan-an ni. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, ìyà ìgbà èwe tàbí ọ̀fọ̀ sì lè jí i dìde. Àwọn èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, bíi serotonin, lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí dókítà fi sábà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn bíi sertraline tàbí escitalopram, tó ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin, ní ìwọ̀n kékeré. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, inú lè máa ru, àyà tilẹ̀ lè já sí i, ìrọ̀rùn sì lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kó tó dé. Ẹni tó dà á nù lọ́jọ́ karùn-ún kò tíì lo oògùn náà. Lẹ́yìn tí ara bá yá, a sábà máa ń lò ó fún oṣù 6 sí 12 sí i, kí dókítà tó dín in kù díẹ̀díẹ̀. Jíjókòó sọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn pẹ̀lú ń wò ó sàn.

Diazepam àti bromazepam ń yára ṣiṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń tà wàràwàrà ní kẹ́místì. Bí a bá lò wọ́n ju ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lọ, wọ́n lè di bárakú, bí a bá sì fi ọtí tàbí tramadol, oògùn ìrora, kún wọn, wọ́n lè dá èémí dúró. Ẹni tó ti ń lò wọ́n pẹ́ kò gbọdọ̀ dá wọn dúró lójijì. Oògùn mìíràn, propranolol, ń dẹ ọkàn tó ń sáré, ṣùgbọ́n ewu ni fún ẹni tó ní àsímà.

Bí àyà bá ń dun ènìyàn gidigidi, tàbí èrò àtipa ara rẹ̀ bá wá sí i lọ́kàn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìwòsàn. Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo inú ìgò, kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí i.