Bẹ́ ẹ ṣe lè sọ béékìrì kékeré di ńlá l'Ógbòmọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí béékìrì l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ má kọ́kọ́ sáré ra mọ́tò o. Ẹ wo Amos Shackleford, ará Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, béékìrì tóun àtìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1921 ló sọ ọ́ di ọba búrẹ́dì, òun náà ló mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọlé, tí búrẹ́dì Agége fi ki báyẹn. Ẹ̀rọ yẹn lẹ máa kọ́kọ́ rà, ẹ dẹ̀ ra òṣùwọ̀n.

Òṣùwọ̀n ṣe pàtàkì ju orúkọ tẹ́ ẹ kọ sára láílọ́ọ̀nù lọ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí búrẹ́dì jẹ́ gíráàmù 500, ẹ gé ìyẹ̀fun pípò bíi 560, torí omi tó máa gbẹ nínú ààrò, ẹni tó bá ń fojú díwọ̀n, lónìí á tóbi lọ́la á kéré, àwọn ìyá tó ń tà ní Tákíẹ̀ ò dẹ̀ ní gbà á. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun pípò yẹn wú dáadáa. Ẹ má fi bromate, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń mú kí búrẹ́dì wú, sí i o, NAFDAC ti fòfin dè é.

Tó bá kan títà, ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ní Under G ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa gbé e lọ Ìkòyí-Ilé tàbí Ọ̀yọ́. Ẹ ò lè sá fún àwìn (àwọn màmá wa yẹn mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀!), àmọ́ kí wọ́n san tàná kí wọ́n tó gba tòní, èyí tó bá dẹ̀ sùn, ẹ lọ kó o kúrò níbẹ̀ kíákíá.