Bí Mo Ṣe Parí Àpilẹ̀kọ Oyè Ọ̀mọ̀wé Mi Pẹ̀lú Ọmọ Kékeré Nílé

Orí mẹ́ta nínú mẹ́fà ni mo ti kọ nínú àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi nígbà tí mo bímọ. Mo ti fọkàn sí i pé n óò parí orí kẹrin láàárín oṣù mẹ́fà tí mo fi gba ìsinmi ìbímọ, nítorí pé gbogbo ẹni tó ti bímọ ṣáájú mi ló sọ pé oorun ni iṣẹ́ ọmọ tuntun. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọmọ tuntun a máa sùn tó wákàtí 14 sí 17 lójúmọ́. Ohun tí n kò rò ni pé wẹ́wẹ́ ni oorun náà máa ń wá, pé ebi yóò ti jí i kí wákàtí mẹ́ta tó pé, àti pé ìyá tí kò fojú kan oorun mọ́jú lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó má rántí ohun tó kà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, gbólóhùn 11 péré ni mo fi kún iṣẹ́ náà. Mo mọ iye wọn nítorí pé mo jókòó kà wọ́n ní ọjọ́ tí alábòójútó iṣẹ́ mi kọ̀wé béèrè ibi tí mo bá a dé.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà ni pé mo ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ mi yóò dilẹ̀. Kí n tó bímọ, láti àárọ̀ di alẹ́ ni mo máa ń kọ̀wé, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ nìkan ni a ti ń kọ ọ́. Ọkọ mi á gbé ọmọ jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi á jókòó ti kọ̀ǹpútà, wákàtí méjì á lọ lórí wíwá ibi tí mo dúró sí, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sí mi lọ́wọ́, n óò gbọ́ ohùn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo kà nípa Robert Boice, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe ń kọ̀wé, tó sì rí i pé àwọn tó ń kọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ jù àwọn tó ń dúró de àyè ńlá lọ. Inú mi bà jẹ́ nígbà tí mo kà á, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ti lọ.

Alábòójútó iṣẹ́ mi ló là mí lójú. Mo pè wọ́n lórí fóònù láti bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì ní, "Má kọ orí kẹrin mọ́. Dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo fún mi, kí o fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sùn lé lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú káàdì pélébé, mo sì gé orí kẹrin sí wẹ́wẹ́ títí ó fi di káàdì 43, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ohun tí mo lè parí láàárín ìṣẹ́jú 25. N kò kọ "ṣiṣẹ́ lórí orí kẹrin" sórí ọ̀kankan nínú wọn, torí pé ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe. Ohun tí mo kọ ni "Ṣàlàyé ìdí tí mo fi yọ ẹni keje kúrò nínú àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò" tàbí "Yẹ àwọn nọ́ńbà inú àtẹ 4.2 wò." Lẹ́yìn náà ni mo pín wọn sọ́nà méjì. Àwọn tó gba àròjinlẹ̀ di ti ìgbà tí ọmọ bá ń sùn, ní ìdájí tàbí ní ọ̀sán. Àwọn tí kò gba ìrònú púpọ̀, bíi títo ìwé ìtọ́kasí àti yíyẹ nọ́ńbà ojú ìwé wò, di ti ìgbà tó bá ń ṣeré lẹ́sẹ̀ mi.

Èmi kọ́ ni mo dá ìṣẹ́jú 25 sílẹ̀. Francesco Cirillo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ítálì, tó ń fi aago ìdáná tó rí bíi tòmátì wọn àkókò iṣẹ́ rẹ̀: ìṣẹ́jú 25 fún iṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìsinmi. Ohun tó jẹ́ kí ó bá mi mu ni pé oorun ọ̀sán ọmọ mi kì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà ó ń gba ìpele ìṣẹ́jú 25 kan, ó sì ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi láti fi àmì sílẹ̀ fún ara mi.

Àmì yẹn ṣe mí lóore gan-an. Kí n tó dìde, mo máa ń fi gbólóhùn kan sílẹ̀ láìparí. Mo rántí ọ̀kan dáadáa: "Èyí kò bá ohun tí a rí ní orí kẹta mu, nítorí pé". Ibẹ̀ ni mo dé tí ọmọ fi ké. Wákàtí mẹ́sàn-án kọjá kí n tó padà, síbẹ̀ bí mo ṣe ka gbólóhùn náà ni èyí tó kàn bọ́ sí mi lẹ́nu, tí mo sì kọ ìpínrọ̀ méjì láìwo ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n káàdì kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, dídá nìkan wà sì ń jẹ mí níyà ju àìsùn lọ. Obìnrin kan tí a jọ pàdé níbi àpérò, tó ní ọmọ méjì, ló mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn márùn-ún kan tí gbogbo wa ń kọ àpilẹ̀kọ, tí gbogbo wa sì ní ọmọ nílé. Aago márùn-ún ìdájí ni a máa ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníkálùkù á sọ ohun tó fẹ́ ṣe ní gbólóhùn kan, a ó pa ohùn, a ó kọ̀wé fún ìpele méjì, a ó sì sọ ibi tí a bá a dé. Àṣà Shut Up & Write ("pa ẹnu mọ́, kí o kọ̀wé") tí àwọn òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní ọdún 2007 ni a ń tẹ̀ lé. Kò sí ẹni tó ń ka iṣẹ́ ẹnì kejì, ẹ̀kọ́ wa ò tiẹ̀ jọra. Ohun tó ń jí mi dìde ni pé ènìyàn mẹ́rin yóò rí i bí àyè mi bá ṣófo.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé ìlànà tí ilé ẹ̀kọ́ fún mi: pé kí n kọ̀wé béèrè àfikún àkókò kí ọjọ́ tó pé, kí n má dúró di ẹ̀yìn rẹ̀, pé kí n béèrè bóyá a lè yọ oṣù ìsinmi ìbímọ kúrò nínú iye ọdún tí mo ní. Mo béèrè, ilé ẹ̀kọ́ sì yọ ọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ọmọ mi jí ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wá gun itan mi. Mo na ọwọ́ láti pa kọ̀ǹpútà. Baba ìbejì kan tó wà láàárín wa kọ ọ̀rọ̀ sí mi pé, "Ẹ má pa á. Ẹ jẹ́ kó jókòó." Mo fún ọmọ ní pẹ́ńsù àti ìwé tí mo ti tẹ̀ jáde. Ó fa ìlà roboto yí àtẹ 4.2 ká títí a kò fi rí nọ́ńbà inú rẹ̀ mọ́, èmi náà sì kọ ìpínrọ̀ mi. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe parí àwọn orí tó kù. Ìgbèjà iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùyẹ̀wò gba wákàtí méjì, ọkọ mi àti ọmọ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí tí a fi parí. Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò béèrè ìdí tí mo fi yọ ẹni keje kúrò. N kò ní láti ṣí ìwé, nítorí pé mo ti lo odindi oorun ọ̀sán kan lórí ìbéèrè yẹn nìkan. Wọ́n ní kí n ṣe àtúnṣe láàárín oṣù mẹ́ta. Mo gé e sí káàdì 19; "Kọ ìmoore" ló wà lórí èyí tó gbẹ̀yìn, orúkọ àwọn mẹ́rin náà sì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí mo fi iṣẹ́ náà lé ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, mo jí ní aago márùn-ún ìdájí. Ọ̀kan nínú wa ṣì wà ní orí kejì. Nígbà tó kàn mí láti sọ gbólóhùn mi, mo ní, "Mi ò ní iṣẹ́ kankan láàárọ̀ yìí, mo kàn wá jókòó tì yín ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ohùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.