Bó o ṣe lè wo Speedway Grand Prix (ìdíje eré ọ̀kadà) kó má dàrú mọ́ ẹ lójú

Kọ́kọ́ wá bírò àti ìwé tó o máa fi kọ póìntì, mi ò ṣeré o. Ọlọ́kadà mẹ́rin ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yípo lẹ́ẹ̀mẹrin lórí ọ̀kadà tí ò ní bíréèkì rárá (wèrè ni wọ́n jàre), kó o tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Àwọ̀ hẹ́límẹ́ẹ̀tì ni kó o máa wò: pupa, búlúù, funfun, yẹ́lò. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀sì gba póìntì 3, ẹnì kejì 2, ẹnì kẹta 1, ẹni tó kẹ́yìn gba òfo. Kálukú á sáré ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó já àwọn kan. Àmọ́ má da póìntì alẹ́ yẹn pọ̀ mọ́ ti sáà o, láti 2020 ẹni tó bá gba fáínà, ìyẹn eré tó kẹ́yìn lálẹ́ yẹn, ló ń mú póìntì sáà 20. Tójú ẹ bá ṣì ń ṣú, Zmarzlik, ọlọ́kadà ará Póláńdì, ni kó o máa wò.