Owó mi, orúkọ àbúrò mi: bí mo ṣe gba ilẹ̀ mi ní kóòtù

Owó lọ́yà àti owó ọkọ̀ òfuurufú tí mo ti ná sórí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí mo fi ra ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀. Plọ́ọ̀tì kan péré o, ní Ìkòròdú!

London ni mo wà nígbà yẹn, mò ń fowó ránṣẹ́ látinú àkáǹtì mi ti Nàìjíríà, àbúrò mi ló lọ bá ọmọ onílẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá gbọ́ London wọ́n á bu owó lé e, la bá fi orúkọ ẹ̀ sórí risíìtì. Ìgbà tí mo dé pé mo fẹ́ fa fáńdéṣọ̀n ló ní mo fi ta òun lọ́rẹ ni.

Lọ́yà mi ní resulting trust ni wọ́n ń pè é: ẹni tó sanwó ló ni ilẹ̀, ẹni tórúkọ ẹ̀ wà níwèé kàn bá a dì í mú ni, àfi tó bá fi hàn pé ẹ̀bùn ni. Ó ní ká ní ọmọ mi ni, kóòtù á kọ́kọ́ gbà pé mo fi ta á lọ́rẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àbúrò ni.

A pe ẹjọ́, wọ́n fèsì, ìyẹn ò le. Statement bánkì ló fẹ́ pa mí. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde látorí fóònù, lọ́yà wọn bá dìde, ó ní inú kọ̀ǹpútà ló ti wá, sẹ́tífíkéètì section 84 ti Evidence Act 2011 dà? Ìyẹn ìwé tó sọ pé kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò yẹn o! Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Mo dé bánkì, ọ̀gá tó ń sáìn wà ní lífù. Mo padà lọ, wọ́n ní héèdì ọ́fíìsì ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fún mi níwèé, kò ní sitáǹpù. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, íńkì sitáǹpù ti gbẹ, ọmọbìnrin náà ń hà á lẹ́nu, hàà, hàà, títí tó fi mú.

Ẹ wá wo nǹkan tó wà lórí statement tí mo jìyà lé lórí: "upkeep", bí ẹni pé owó oúnjẹ ni mo ń fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, torí ó yá tẹ̀. Lọ́yà wọn ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń pe réjísítà.

Voice note àbúrò mi ló kó mi yọ: "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ nilẹ̀ yín o, orúkọ mi kàn wà níbẹ̀ ni." Gbogbo kóòtù pa lọ́lọ́. Ẹ ò rí bí orí mi ṣe wú.

Mo jàre. Ká ní mo mọ̀ ni, "owó ilẹ̀ Ìkòròdú" ni ǹ bá kọ sórí gbogbo transfer, kó sì sáìn bébà kan lójú ẹlẹ́rìí méjì, àbúrò ni o, kó sáìn. Ó ti sáìn deed báyìí, ìyẹn ìwé tó fi ilẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ṣì wà lórí survey, àwòrán ilẹ̀ náà, surveyor sì ní kí n mówó wá.