Oúnjẹ àti Fítámì fún Ẹṣin Tó Ti Darúgbó

Bí ẹṣin tó ti lé ní ọdún 20 bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù, fítámì ni ọ̀pọ̀ olówó ẹṣin máa ń sáré lọ rà, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹṣin náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Eyín ẹṣin a máa yọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń fi lọ koríko tí orí rẹ̀ sì ń jẹ, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ogbó bá dé, eyín tí yóò yọ sókè á tán. Eyín èrìgì á máa mì, òmíràn á já, ẹ̀gbẹ́ èyí tó kù á sì yọ ṣóńṣó, á máa gún un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń jẹun. Bí ìṣù koríko tó rin fún itọ́ bá ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ tú u wò. Bí koríko inú rẹ̀ bá ṣì gùn gbọọrọ, a jẹ́ pé kò rí i lọ kúnná. Ìgbẹ́ rẹ̀ á jẹ́rìí sí i, nítorí ẹ ó bá odidi ọkà bàbà nínú rẹ̀. Dókítà ẹran ni kí ẹ pè wá fi irin rẹ́ eyín náà, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ díwọ̀n ẹṣin náà. Téèpù aránṣọ kì í gùn tó, nítorí náà okùn ni kí ẹ fi yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ wá fi téèpù wọn okùn náà. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé egungun ìdí. Ẹ fi ìwọ̀n àyà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi gígùn ṣe ìlọ́po èyí tó jáde, kí ẹ sì fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 170, á wọ̀n tó kílò 366. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nílò koríko gbígbẹ tó kílò 5.5 sí 7.3 lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ tútù ni, omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ó lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Eèsún tó ti gbó le jù fún un. Èyí tó ṣì rọ̀ ni kí ẹ gé, kí ẹ sì ké e wẹ́wẹ́ fún ẹṣin tí eyín rẹ̀ ti kán.

Ní ti dùsà, ìyẹn èérí ọkà, inú omi ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, nítorí dùsà gbígbẹ lè dí ọ̀nà ọ̀fun ẹṣin arúgbó, tí itọ́ àti oúnjẹ á sì máa gba imú rẹ̀ jáde. Ewu rẹ̀ kejì kì í yára hàn. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú dùsà pọ̀ ju kálísíọ̀mù rẹ̀ lọ fíìfíì, bí ẹṣin bá sì ń jẹ ẹ́ púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ á máa yọ kálísíọ̀mù láti inú egungun, títí egungun ojú yóò fi wú tí yóò sì máa tiro. Ewé ẹ̀pà tàbí ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí kò bu ni ó ń dí àlàfo yìí, àfi bí kíndìnrín ẹṣin náà bá ní àìsàn, nítorí kálísíọ̀mù á pọ̀ jù fún un nígbà náà.

Ẹ má ṣe fi oúnjẹ adìẹ bọ́ ẹṣin láé, bó ti wù kí ó pọ́nni lójú tó. A máa ń po oògùn bíi monensin mọ́ òmíràn nínú rẹ̀ nítorí àrùn inú adìẹ, díẹ̀ nínú oògùn yìí sì tó láti ba ọkàn ẹṣin jẹ́ kí ó sì pa á.

Ó kan fítámì wàyí. Ẹṣin ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá rẹ̀ ń ṣe B àti K, oòrùn wa sì ń pèsè D. Fítámì A wà nínú koríko tútù lọ́pọ̀ yanturu, àpọ̀jù rẹ̀ láti inú ike fítámì sì léwu. Fítámì E nìkan ni mo rò pé ó tọ́ kí ọ̀pọ̀ olówó ẹṣin rà, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí koríko tí a ti sá gbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ní i mọ́. IU (ẹyọ tí a fi ń díwọ̀n fítámì) 1 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹṣin wọ̀n ni ìdíwọ̀n ìpìlẹ̀ fún ẹṣin tí kò ṣiṣẹ́. Dókítà lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ara ike rẹ̀ dáadáa: d-alpha-tocopherol ń wọ ara ẹṣin ju dl-alpha-tocopherol lọ. Ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ tí ẹ ta òróró díẹ̀ sí.

Ẹ má ṣe lo àfikún oríṣi méjì pọ̀ láìka ohun tó wà nínú wọn, nítorí èròjà tí wọ́n ń pè ní selenium sábà máa ń wà nínú méjèèjì. Nǹkan bíi mílígíráàmù 1 lójúmọ́ tó ẹṣin. Bí ó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, irun ọrùn àti ìrù á máa re, pátákò á sì máa là.

Bí irun ara ẹṣin arúgbó bá gùn tí kò sì re nínú ooru, tí ó ń mu omi tí ó ń tọ̀ ṣáá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn ẹṣẹ́ inú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Cushing. Ẹ pe dókítà, kí ẹ sì dín àgbàdo, ọkà bàbà àti ohun dídùn kù, nítorí wọ́n lè mú kí inú pátákò rẹ̀ wú, kó gbóná, kó sì máa dùn ún. Àwọn tó ń múra ẹṣin sílẹ̀ fún Ojúde Ọba ni ọ̀rọ̀ ọkà yìí kàn jù: kí ẹ má fún ẹṣin arúgbó tí ara rẹ̀ yá ní ọkà ju kílò 1.5 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú Iléyá. Ọjọ́ 7 sí 10 ni kí ẹ fi mú oúnjẹ tuntun wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ó máa dá jẹun níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ẹṣin kò ti ní lé e kúrò, kí ẹ sì tún fi okùn wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.